Orin kò dùn láìsí elégbè

 

Nínú ìwé kíkà wa, a máa ń ka ọ̀rọ̀ nípa oko, nípa omi mímọ́, nípa ìtọ́jú ọmọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ kí a kà. Ẹlòmíràn lè bi mí pé: "Olùkọ́, ṣé orin náà jẹ́ ẹ̀kọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Kí a tó mọ ìwé ni a ti mọ orin. Inú orin ni àwọn baba wa kó ìtàn ìlú sí. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ìkìlọ̀ àti àdúrà sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ẹni tó bá lọ síbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọrin kì í ṣe òǹwòran lásán. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bí ó bá gbè é, orin á dùn. Bí gbogbo wa bá dákẹ́, tàbí bí gbogbo wa bá jókòó sílé, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Mo sì fẹ́ sọ pé àwa tí a ti mọ ìwé díẹ̀ ní iṣẹ́ kan láti ṣe, kí ó má baà kú.

Ẹni tí ń lé orin àti àwọn tí ń gbè é

Nínú orin wa, iṣẹ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ẹnì kan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ẹni tí ń lé orin ni ó ń mú ọ̀rọ̀ wá. Òun ni ó ń rántí ìtàn. Òun ni ó ń pe orúkọ ènìyàn. Ó lè yí ọ̀rọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí àwọn tó dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn elégbè máa ń sọ padà.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ elégbè kò pọ̀, àwọn kan rò pé iṣẹ́ wọn rọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àsìkò tí elégbè ń gbè ni olórin fi ń mí. Àsìkò náà ni ó fi ń ro ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Bí ègbè bá pẹ́, orin á tutù. Bí ègbè bá yá jù, á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ olórin lẹ́nu. Olórin tó dára tí kò ní elégbè dà bí ẹni tó gbé ẹrù ńlá tí kò rí ẹni sọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá wo ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní ni èémí. Kò sí ẹni tí ó lè fa ohùn títí kí ó má mí. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tó gbọ́n, gbogbo wọn kì í mí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ń mí, èkejì rẹ̀ á gbé ohùn náà dání. Ìdí nìyí tí orin wọn fi ń lọ bí omi odò, tí a kì í gbọ́ ibi tí ó ti já.

Èkejì ni etí. Elégbè tó mọ iṣẹ́ máa ń gbọ́ ohùn ẹni tó wà ní ọ̀tún rẹ̀ àti ti ẹni tó wà ní òsì rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ wọn mọ́, a jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ ti ga jù. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó pariwo jù kọ́ ni ó mọ orin jù.

Ẹ̀kẹta ni oríṣiríṣi ohùn. Ọlọ́run kò fún gbogbo wa ní ohùn kan náà. Ohùn àwọn kan tín-ín-rín, ó ń lọ sókè. Ohùn àwọn kan nípọn, ó ń dún nísàlẹ̀. Ohùn àwọn mìíràn wà láàárín. Ẹgbẹ́ tó dára kì í lé ẹnikẹ́ni nítorí ohùn rẹ̀. Ó ń wá àyè fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ọ̀wẹ̀ rí mọ nǹkan wọ̀nyí, bí ẹ kò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu. Bí a bá ń ṣán oko ní àpapọ̀, ẹni tó yára jù kì í fi àwọn yòókù sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin rí.

Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹ̀kọ́ wa lórí àmì ohùn. A kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí pátákó: igbá, ìgbà, igba. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n igbá ni a fi ń bu omi. Ìgbà ni àsìkò. Igba ni iye owó tàbí iye iṣu, èyí tí a ń kọ báyìí: 200. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú orin, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ìwé lọ. Orin ní ohùn tirẹ̀ tí ó ń lọ sókè tí ó sì ń lọ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ sókè nígbà tí orin ń lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ á bàjẹ́. Ẹni tí ń kọrin á pe igbá, ẹni tí ń gbọ́ á gbọ́ ìgbà. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin ìsìn àwọn òyìnbó bá ìṣòro yìí pàdé. Ọ̀gbẹ́ni Ekundayo Phillips, tó jẹ́ atẹdùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé lórí orin Yorùbá. A tẹ ìwé náà jáde ní 1953. Ọ̀rọ̀ ohùn yìí wà lára ohun tí ó kọ nípa rẹ̀.

Àwọn àgbà wa tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá dá orin, wọ́n á jẹ́ kí orin tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ọjà fi lè gbọ́ ohun tí olórin kan sọ ní òru, tí wọ́n á sì gbè é láìṣe àṣìṣe.

Ẹlòmíràn á béèrè pé: "Bí ohùn bá ṣe pàtàkì tó báyìí, báwo ni ènìyàn méjì ṣe lè fi ohùn méjì kọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀?" Ìbéèrè tó dára ni. Ní apá Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ènìyàn ti ń ṣe é láti ayé àwọn baba wọn. Ohùn kan á wà lókè, ohùn kejì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa rìn. Bí ti òkè bá gòkè, ti ìsàlẹ̀ á gòkè. Bí ti òkè bá sọ̀kalẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ irin méjì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin, tó gba ìlú yín kọjá. Irin méjèèjì kò pàdé, wọn kò sì ya ara wọn. Ibi tí ọ̀kan bá yà sí ni èkejì ń yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn méjì yìí ṣe ń lọ, tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò fi bàjẹ́.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí ègbè ti lágbára tó, kí ó wo alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu àti ní àwọn ìlú tó yí i ká. Gbogbo wa la mọ òwe tó sọ pé ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un pé etí náà ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀sán ni a ń wo ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òru ni a ń gbọ́ Ẹ̀fẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè ni a sábà máa ń ṣe é, nígbà tí oúnjẹ wà nílé tí ọwọ́ sì dilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ènìyàn á péjọ sí gbangba. Ìlù á dún. Nígbà tó bá yá, olórin Ẹ̀fẹ̀ á jáde. Kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ júbà. Á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ ọ̀rọ̀ ìlú: ẹni tó jí nǹkan, ẹni tó fi ìyà jẹ aya rẹ̀, olóyè tó jẹ owó ìlú, ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Á ṣàdúrà fún ọmọ, fún òjò, fún àlàáfíà.

Olórin á kọ orin náà, á tún un kọ, títí ègbè á fi wọ àwọn ènìyàn létí. Nígbà náà ni gbogbo gbangba á gbà á. Ìyá tó jókòó lórí ẹní á gbè é. Ọmọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ á gbè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orin tó jẹ́ ti ẹnì kan á ti di ti gbogbo ìlú. Tí ẹ bá lọ sódò tàbí sọ́jà ní ọjọ́ kejì, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Gbogbo ayé ti mọ iyì nǹkan yìí. Ní 2001, UNESCO, tí í ṣe àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣe iyebíye fún gbogbo ènìyàn. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó kàn: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá ti àjọ náà. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé obìnrin àti ọkùnrin ni ó jọ ń darí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí a bá ń ṣe é nítorí àwọn àlejò tó wá wòran nìkan, ó lè di eré lásán.

Èmi náà ní irú ìbẹ̀rù yẹn. Bí a bá gé Ẹ̀fẹ̀ kúrú fún àlejò tó ní mọ́tò láti wọ̀, kí ni a ó kọ́kọ́ gé? Ègbè ni. A ó fi ijó sílẹ̀ nítorí pé àlejò lè wò ó. A ó gé ọ̀rọ̀ nítorí pé àlejò kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni tiwa.

Ẹni tó gbè é ti fọwọ́ sí i

Àwọn kan kì í fẹ́ lọ síbi orin nítorí pé orin ń bú ènìyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Orin lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nílé, ogiri lè pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọrin ní gbangba kò ní ògiri.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Olórin kan ṣoṣo kò lè ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Bí ó bá lé orin èké, tí kò sí ẹni tó gbè é, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀. Bí a bá gbè é, a ti fi ẹnu wa fọwọ́ sí i. Ní kíláàsì, mo máa ń sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń sọ nípa orin. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, tí ó sì lè tún ìlú ṣe, ẹ gbè é kíkankíkan. Bí ó bá jẹ́ irọ́ tí a pa mọ́ opó kan tàbí mọ́ aládùúgbò tí kò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ elégbè jẹ́ ìdájọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹni tó lọ gbọ́ orin kì í ṣe òǹwòran lásán. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn olóòótọ́ bá jókòó sílé nítorí pé wọn kò fẹ́ gbọ́ èébú, àwọn tó fẹ́ràn èébú nìkan ni yóò kù tí yóò máa gbè.

Ní ti ẹ̀sìn, n kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n orin àjùmọ̀kọ kò mọ sí ibì kan. Àwọn ìyá wa Mùsùlùmí ní wákà. Àwọn onígbàgbọ́ ní ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ìgbéyàwó wà, orin ìsọmọlórúkọ wà, orin iṣẹ́ oko sì wà. Láti Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé, kò sí ilé tí kò ní orin tí ó lè gbè pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Kí oníkálùkù lọ síbi tí tirẹ̀ wà.

Fóònù ńkọ́?

Ọ̀dọ́ kan lè sọ pé: "Olùkọ́, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Orin náà wà nínú fóònù mi." Fóònù dára. Èmi náà ní ọ̀kan. Kí fóònù tó dé, rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì ti ṣe iṣẹ́ rere fún wa. Ọmọ wa tó wà ní Kútọnu, ní Èkó tàbí ní ilẹ̀ Faransé ń gbọ́ orin ilé nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì wálé. N kò bá fóònù jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí fóònù kò lè ṣe. Etí rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ sì kéré. Ohùn ńlá tó wà nísàlẹ̀ orin, èyí tí ènìyàn ń gbọ́ nínú àyà rẹ̀ bí ó bá dúró nítòsí, fóònù kì í lè gbé e jáde dáadáa. Olórin tó wà nínú fóònù kò rí ọ. Kò mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó lè fi orúkọ ọmọ náà sínú orin. Kò mọ̀ pé o ṣọ̀fọ̀, kí ó lè rọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí rẹ. Bí o bá gbè é, kò gbọ́. Bí ojoojúmọ́ bá rí báyìí, ìwọ náà á gbàgbé pé iṣẹ́ rẹ ni láti gbè.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ibi púpọ̀ lónìí, bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tó gbé fóònù sókè máa ń pọ̀ ju ọwọ́ tí ń pàtẹ́wọ́ lọ. Ẹni tó gbé fóònù sókè kò lè pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ya àwòrán kì í gbè, kí ohùn tirẹ̀ má baà wọ inú rẹ̀. Bí gbogbo wa bá ń gba orin sílẹ̀, tí kò sí ẹni tí ń gbè é, orin tí kò ní ègbè ni a ó gbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. A ń ya ẹ̀rọ yìí lówó gọbọi. A ń gbé e sí ẹnu olórin nìkan. Ohùn rẹ̀ á wá ga débi pé àwọn elégbè kò gbọ́ ara wọn mọ́. Nígbà tó bá yá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wò. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yìí, ẹ gbé ọ̀kan sí iwájú àwọn elégbè pẹ̀lú, kí ẹ sì dín ohùn rẹ̀ kù.

Ohùn ènìyàn tó

Àwọn kan gbà pé láìsí ẹ̀rọ àti ohun èlò olówó ńlá, orin kò lè ní iyì. Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ará ilẹ̀ jíjìn kan dá wọn lóhùn.

Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn ọkùnrin Súlù fi oko wọn sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà àti ní ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ń gbé inú ilé tí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ sí, wọ́n jìnnà sí aya àti ọmọ. Ní òru òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń kọrin. Wọn kò ní ìlù. Ohùn wọn nìkan ni wọ́n lò. Ẹnì kan ń lé, díẹ̀ ń fi ohùn òkè gbè, ọ̀pọ̀ ń fi ohùn ńlá gbè nísàlẹ̀. Wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí wọ́n ti ń jó. Wọ́n ń pe irú orin yìí ní isicathamiya, inú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ mọ́ rírìn jẹ́jẹ́ ni orúkọ náà sì ti wá. Joseph Shabalala, tó wá láti apá ìlú Ladysmith, kó ẹgbẹ́ kan jọ tí à ń pè ní Ladysmith Black Mambazo. Ní 1986, wọ́n bá Paul Simon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọrin nínú àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Graceland, gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n. Shabalala kú ní 2020, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò túká. Ohùn ènìyàn ni wọ́n fi dé ibi tí wọ́n dé.

Ìtàn kejì láti ilẹ̀ kan náà kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ ìwé. Ní 1939, Solomon Linda àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orin kan tí à ń pè ní "Mbube" sínú àwo. Ṣílè 10 ni a gbọ́ pé ó gbà lórí orin náà. Àwọn akọrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i, ó sì di olókìkí káàkiri ayé ní 1961. Linda kú ní 1962 nínú òṣì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, kí wọ́n tó rí àdéhùn gbà ní 2006, lẹ́yìn ọdún 67 tí baba wọn ti kọ orin náà. Orin tí a kò kọ orúkọ olórin mọ́ ọn dáadáa dà bí àgùntàn tí kò ní àmì. Ẹni tó bá rí i á fà á lọ.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a máa lọ. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ní àwọn fẹ́ kọrin ní àdúgbò yín, ẹ lọ ní àsìkò. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ègbè rí kò lè gbè é lọ́la.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a máa fetí sílẹ̀. Nígbà tí olórin bá kọ́kọ́ gbé orin sókè, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin wọ yín létí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbè é. Ẹ má bẹ̀rù pé ohùn yín kò dára. Mo ti sọ pé ẹgbẹ́ tó dára ń wá àyè fún gbogbo ohùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a máa fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ẹ̀bùn. A máa ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú, ó sì dára. Ṣùgbọ́n elégbè tó fi gbogbo òru gbè á lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí a gbé igbá kan kalẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, kí wọ́n jọ pín in. Ọ̀dọ́ tó bá rí nǹkan mú lọ sílé á padà wá.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó jẹ́ ti kíláàsì wa gan-an: ẹ jẹ́ kí a máa kọ orin sílẹ̀. Ẹ mú ìwé àti kálámù. Ẹ lọ bá ìyá àgbà tó mọ orin. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé orin awo wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Èyí tí àwọn àgbà bá ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹ fi ìlà kan sí abẹ́ ègbè, kí ẹni tó bá kà á mọ ibi tí ó ti máa gbà á. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá orin náà, bí a bá mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún yín, ẹ kọ orúkọ ìlú, ẹ sì kọ ọjọ́.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni. Ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ lè kọ orin kan sílẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì ènìyàn 20 bá kọ orin méjì sílẹ̀, orin 40 ni a ó ní. Ìwé kíkà ni ìyẹn fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìwé kò lè gba ipò ègbè. Orin tó wà nínú ìwé nìkan dà bí irúgbìn tó wà nínú àpò. Kò kú, ṣùgbọ́n kò hù. Ilẹ̀ tí ó ti ń hù ni ẹnu gbogbo wa. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ orin tán, ẹ dìde dúró ní kíláàsì. Kí ẹnì kan lé e. Kí àwa yòókù gbè é.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Kí ni iṣẹ́ ẹni tí ń lé orin? Kí ni iṣẹ́ elégbè?

2. Kí ló dé tí ohùn orin Yorùbá fi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀? Ẹ wá àpẹẹrẹ mìíràn tó dà bí igbá, ìgbà àti igba.

3. Olùkọ́ sọ pé ẹni tó gbè orin ti fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

4. Orin wo ni ẹ mọ̀ tí àwọn ọmọ yín kò mọ̀ mọ́? Ta ni ó lè lé e fún yín kí ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀?